Kóńgò mélòó ló ń padà sẹ́yìn?

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nílé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò kà á rí títí di ọdún tó kọjá, ta ló ń ka àtẹ̀gùn ilé bàbá ẹ̀? Màmá ló jẹ́ kí n kà á. Ẹni tó ń ta gàrí lọ́jà Òkè-Ajé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, tó máa ń gbé àpò gàrí rù bí ẹni dé fìlà, ni mo ṣàdédé rí i pé tí wọ́n bá ti dé àtẹ̀gùn keje, wọ́n á dúró, wọ́n á tú ìró wọn, wọ́n á tún un ró, kí wọ́n tó máa bọ̀ lókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé ìró ló tú lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì náà mo rò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó wá di ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan ni mo bi ara mi pé irú ìró wo lèyí tó jẹ́ orí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ti máa ń tú.

Mo bi wọ́n, wọ́n ní "àgbà ni." Mo dákẹ́.

Ọjúde Ọba ló wá tú àṣírí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń jókòó. Aṣọ ẹgbẹ́ ti délẹ̀, gèlè ti dúró gbọin, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Màmá ti tò, wọ́n ti ń jó lọ síwájú ọba, mo wẹ̀yìn wò, mi ò rí Màmá mi. Abẹ́ kánópì ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni ni mo ti lọ bá wọn, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ kan gbá àyà mú, wọ́n ń fi èkejì fẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọ́n ní "ẹ máa lọ, mò ń bọ̀." Wọn ò bọ̀. Màmá tó jẹ́ pé àwa ọmọ la máa ń bẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ ó tó, ẹ jẹ́ ká relé.

Nígbà tí mo wá ń fojú sí i ni mo rí àwọn nǹkan tó ti wà níwájú mi látọjọ́ yìí. Ìrọ̀rí kan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí ò ní délẹ̀, wọ́n á fò dìde láago méjì òru bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ikọ́ òru wà ńbẹ̀, oníkẹ́mísì àdúgbò sì ti ta oògùn ikọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà. Àǹtí mi kan ní àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ wọn ló di nǹkan sínú kóńgò fún wọn, ó sì ti ń bá alágbo kan dúnàá-dúrà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Dókítà àkọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ àfigbáyà sí wọn láyà, ó gbọ́, ó tún gbé e lọ sí abẹ́ abíyá òsì, ó tún gbọ́. Ó ní ọkàn tó dáa máa ń ṣe kù-tù, kù-tù, ti Màmá ń ṣe kù-ṣùùù-tù, ariwo tó wà láàárín yẹn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń jò padà. Ó ní fáàfù ọkàn wọn kan ń jò, ká lọ ya echo, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, kó lè mọ bó ṣe le tó. Bó ṣe le tó yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà tí mò ń bọ̀ wá sọ, torí èmi rò pé bí ìgbà tí èèyàn bá gorí ìwọ̀n ni, ẹ̀rọ á sọ nọ́mbà kan, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fáàfù yìí bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, fáàfù mẹ́rin náà ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló yẹ kó máa ṣí sí. Èyí tó ń yọ Màmá lẹ́nu ni ti apá òsì, láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, mitral ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ni, àwọn okùn tín-tìn-tín ló sì so ó mọ́ ìsàlẹ̀ kó má bàa ṣí gbà sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ á ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, yàrá ìsàlẹ̀ á fún un lọ sí gbogbo ara. Bíi ìgbà ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, ló ń ṣe èyí lójúmọ́ kan. Tí ilẹ̀kùn ò bá wá pa dé dáadáa, apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ á máa padà sókè sí yàrá tó ti ń bọ̀, ibẹ̀ sì súnmọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí èémí Màmá ò fi ń délẹ̀.

Ó yá, echo àkọ́kọ́. Mi ò ní dárúkọ ibi tá a ti ya á, ẹ má bi mí. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé láàárọ̀ ọjọ́ náà Màmá ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lẹ́ẹ̀mejì. Méjì dípò ọ̀kan! Ìgbà tí àṣírí tú lẹ́yìn náà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ burúkú nípa àwọn. Bíi ọmọ iléèwé tó fẹ́ pàásì ìdánwò. Ẹ̀rín pa mí títí, ẹkún náà sì fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí, torí BP wọn ti wálẹ̀ gan-an lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n sì ń sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn.

Ìwé jáde: "mild to moderate." Ìyẹn ni pé ó ń jò, àmọ́ kò tíì le. Ẹ ò rí ayọ̀! Bùrọ̀dá mi tó wà ní Ìlú Ọba fi fọ́nrán ijó ránṣẹ́, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àǹtí mi ní agbo ló ṣiṣẹ́ (agbo tí Màmá ò tíì mu o). Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, àtẹ̀gùn keje di àtẹ̀gùn kẹfà.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará ilé wa ló sọ fún mi pé ìwé ò ṣàìsàn, èèyàn ló ń ṣàìsàn, kí n gbé Màmá lọ bá dókítà ọkàn kan tó mọ̀ lápá Rẹ́mọ. A gba ọ̀nà Ṣágámù lọ. Màmá ò dákẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ní ṣé ará Rẹ́mọ ló kù tó máa wá wọn nǹkan fún ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ọkùnrin yẹn ò kọ́kọ́ wo ìwé. Ó ní "Màmá, ẹ kú ìrìn, ilé yín ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń sinmi kẹ́ ẹ tó dókè?" Màmá ní àwọn kì í sinmi. Mo ní "Màmá, ìró ńkọ́?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo jí owó. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi wọ́n nípa ìrọ̀rí, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yẹn ló ká mi lára jù, torí Màmá ti dáwọ́ àpò gbígbé dúró, wọ́n ti gba ọmọ kan sí ìsọ̀ láti máa gbé e, wọ́n wá ń sọ fáwọn èèyàn pé kò rẹ àwọn. Kò lè rẹ̀ wọ́n, wọn ò ṣe nǹkan tó ń rẹni mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ka ìwé, ó kà á pẹ́. Ó ní ìwé yìí ò bá ara ẹ̀ mu. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń jò díẹ̀, wọ́n sì tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé yàrá òkè apá òsì ti fẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ náà ti fẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè mú kí yàrá òkè fẹ̀, òun mọ̀, ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá fẹ̀ báyìí, tí èémí obìnrin ò tún délẹ̀, ó yẹ kéèyàn tún jíjò yẹn wò. Ó wo ibi tí wọ́n ń kọ BP sí nínú ìwé, òfìfo. Ibẹ̀ ni Màmá ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ oògùn méjì. Dókítà ní "há, Màmá!" Ó ní tí ìfúnpá bá wálẹ̀, ó máa ń rọrùn fún ẹ̀jẹ̀ láti gba iwájú lọ, èyí tó ń padà á dín kù, tí BP bá sì ga fíofío lọ́jọ́ náà, jíjò á dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì kọ BP yín sórí ìwé. Ìdánwò kọ́ ni.

Òun fúnra ẹ̀ ló tún echo yẹn ya. Màmá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ó da nǹkan yọ̀ọ̀rọ̀ tútù sí wọn láyà, wọ́n pariwo "yéè!", ó gbé ẹ̀rọ lé e, ọkàn Màmá wa jáde lójú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Mo rí i, ẹ̀yin èèyàn. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì yẹn, awẹ́ kan ń pa dé, èkejì ń jù kọjá bí aṣọ tó wà lórí okùn lọ́jọ́ ìjì. Ó ní okùn kan ti já lára ẹ̀. Ó wá tẹ nǹkan, àwọ̀ dé, pupa àti búlúù. Pupa ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ sápá ẹ̀rọ, búlúù ni èyí tó ń sá fún un. Ó ní bí tírélà ṣe ń fọn fèrè bọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tí ohùn ẹ̀ ṣe ń yí padà tó bá ti kọjá yín, òun náà ni ẹ̀rọ yìí ń lò láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sá lọ, ọkùnrin Austria kan, Christian Doppler, ló ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti 1842.

Búlúù tó ń padà yẹn wá tín-ín-rín lójú mi, ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá òkè lọ réréré. Mo ní "Dókítà, ó kéré kẹ̀." Ó ní ohun tó tan ẹni àkọ́kọ́ jẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rọra ń da omi látinú ìkòkò, ṣé ẹ ti rí i tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò dípò kó já sílẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń jò ní ẹ̀gbẹ́ báyìí máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, á tẹ́ pẹrẹsẹ, àwòrán ẹ̀ á kéré, èyí tó ń jò gan-an á sì pọ̀. Ẹni tó bá fi ojú wo bí àwọ̀ ṣe fẹ̀ tó nìkan, á pè é ní kékeré.

Màmá tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ní "ìyẹn ni pé ojú ni wọ́n fi wọn tèmi lọ́jọ́sí?" Dókítà ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní "ta ní ń fojú ta gàrí?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ún. Ó wá ọrùn ibi tó ti ń jò, ibi tó há jù, ó fa ìlà kékeré síbẹ̀. Ó ní tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 0.3, ó kéré, tó bá ti di 0.7 sókè, ó ti le. Ti Màmá 0.8. Ó wọn bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin (cm²) 0.40, ó ti le, ti Màmá 0.44. Ó wo iye tó ń padà lẹ́ẹ̀kan tí ọkàn bá fún, 60 mílílítà ni ààlà, ti Màmá 66. Kò wọn ọ̀kankan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń tún un wọ̀n, ó ń yí ọwọ́, torí ó ní tí ẹ̀rọ bá dagun díẹ̀, nọ́mbà á parọ́, àti pé nọ́mbà kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́, tí mẹ́ta mẹ́rin bá pera wọn mọ́ra ló tó gbà. Màmá ń mi orí fún un. Ẹni tó ti ta gàrí fún ogójì ọdún mọ ọ̀rọ̀ kóńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ wọnú.

Ìgbà tó wá fẹ́ ṣàlàyé fún wọn, ó ní "Màmá, gbogbo ìgbà tí ọkàn yín bá fún, bíi mílílítà 127 ló ń fún jáde, 66 nínú ẹ̀ ń padà." Màmá ní "ọmọ mi, mílílítà ò yé mi o. Kóńgò mélòó ló ń padà?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní "ká ní ẹ wọn kóńgò méjì fún oníbàárà. Ọ̀kan wọ àpò ẹ̀, èkejì dà padà sínú bàsíà yín. Díẹ̀ tún lé."

Màmá dákẹ́. Wọ́n dìde jókòó, nọ́ọ̀sì ń nu nǹkan yọ̀ọ̀rọ̀ yẹn kúrò láyà wọn, wọ́n ní "iṣẹ́ kóńgò méjì, èrè kóńgò kan. Abájọ tó fi ń rẹ̀ mí." Láti Ọjúde Ọba, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà pé ó ń rẹ àwọn nìyẹn.

Ìlàjì, ìyẹn 50 nínú 100, ni ààlà lórí ìdá tó ń padà yìí. Tó bá ti tó ìlàjì tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, ó ti le.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Wọ́n máa ń kọ EF sórí ìwé echo, ìdá tí yàrá ìsàlẹ̀ ń fún jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún un. Ti Màmá 62 nínú 100. Bùrọ̀dá mi wo íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní 62 dáa, pé ọkàn wọn le bí irin, pé dókítà Rẹ́mọ yìí fẹ́ gba owó wa ni. Mo padà lọ bi dókítà, ojú sì ń tì mí. Kò bínú. Ó ní fún ẹlòmíràn 62 dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n EF kàn ń ka iye tó kúrò nínú yàrá ni, kò bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ló gbà jáde. Èyí tó gba iwájú àti èyí tó jò gba ẹ̀yìn, ó ka gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fún ẹni tí mitral ẹ̀ ń jò gidi, tó bá ti wálẹ̀ dé 60, iṣan ọkàn ti ń rẹ̀ nìyẹn, èèyàn ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó máa burú lójú. Ó tún ní bí yàrá ìsàlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá ti fún tán, mílímítà 40 ni ààlà, ti Màmá 39. Mo kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá. Ó ka á, kò dáhùn fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ló bi mí pé èló ni.

Ẹ má wá torí tèmi máa gbọ̀n o. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kọ́ ọmọ níwèé ya echo nítorí nǹkan mìíràn, wọ́n kọ "trivial" síwájú mitral ẹ̀, ó sunkún wá bá mi. Bíńtín bẹ́ẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rìn kiri láìṣàìsàn, kò ní í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ibi tí jíjò ti wá náà yàtọ̀ síra. Ti Màmá, ilẹ̀kùn ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló bàjẹ́. Ti àwọn kan, ilẹ̀kùn ò ní àléébù, ọkàn ló fẹ̀ jù tí awẹ́ méjèèjì ò fi kanra mọ́, ìyẹn ní ìtọ́jú tiẹ̀. Ti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ń dùn ún, wọn ò tọ́jú ẹ̀, ibà wá tẹ̀lé e tó lọ ba fáàfù jẹ́, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ló máa tó hàn. Tíṣà ni mí, látìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, ọmọ kíláàsì mi tó bá ní òun ò lè gbé itọ́ mì, màmá ẹ̀ á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tá a dé rèé. Dókítà ní jíjò le, ọkàn ti ń fẹ̀, Màmá sì ti ń rí i lára, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, iṣẹ́ abẹ ló kù, torí oògùn kàn ń fa omi tó pọ̀ jù kúrò lára ni, kò lè so okùn tó já. Tó bá ṣe é ṣe, títún ilẹ̀kùn tiwọn ṣe ló wù ú ju kó pààrọ̀ ẹ̀ lọ, torí tí wọ́n bá fi onírin sí i, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n á máa lò títí ayé. Kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ṣe é tún ṣe, wọ́n á gbé echo mìíràn gba ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ sẹ́yìn ọkàn. Ó tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi sílẹ̀ pé oògùn oorun tí wọ́n máa fún wọn lọ́jọ́ náà á mú BP wálẹ̀, jíjò lè dà bíi pé ó dín kù, kí n má lọ máa jó. Mo ní mo ti jó èyí tí mo máa jó.

Owó ń jọ díẹ̀díẹ̀. Bùrọ̀dá ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́, àbúrò mi ní Èkó ń ta ọkọ̀ ẹ̀. Màmá ní àwọn ò ní gbé nǹkan mì títí àwọn á fi ta àpò gàrí mẹ́jọ tó wà nílẹ̀, pé gàrí Ìjẹ̀bú kì í bàjẹ́ ṣùgbọ́n oníbàárà ń lọ. A ti dá ọjọ́ sí Túsìdeè tó ń bọ̀, gàrí á wà ńbẹ̀.

Lálẹ́ àná mo jókòó sí ìsàlẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni ń tẹ fóònù. Wọ́n tún ìró wọn ró lórí àtẹ̀gùn karùn-ún.